Ta Ni Ó Sanwó Ìròyìn Tí À Ń Gbọ́ Ní Tọ́kpá?

Ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn, pé kò kan ẹni tí ń ta aṣọ tàbí ẹni tí ń ta ata. Ẹni tí ń tajà gan-an ni ìròyìn kàn jù. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹni tí ó tètè gbọ́ òótọ́ wá ibòmíràn gbé ẹrù rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó gba ahesọ gbọ́, pé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí i, kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó jọ sílẹ̀ ó ń retí. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ìròyìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìròyìn ní Kútọnu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa kò kà á, àwọn tí ó sì lè kà á kò ní owó tí wọn yóò máa fi rà á lójoojúmọ́. Nítorí náà, rédíò ni ó ń kà á fún wa. Láàárọ̀, ẹnì kan á kó àwọn ìwé ìròyìn jọ síwájú rẹ̀ nílé-iṣẹ́ rédíò, á sì máa sọ ohun tí ó wà nínú wọn ní èdè Fọ̀n, ní Gùn, tàbí ní Nàgó tiwa. Kí òfin 20 oṣù kẹjọ ọdún 1997 tó jáde, rédíò ìjọba nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Òfin yẹn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn rédíò aládàáni. Ọ̀kan tilẹ̀ wà nínú wọn tí ó ń jẹ́ orúkọ ọjà wa, Radio Tokpa. Ẹ ó gbọ́ wọn lábẹ́ agboorùn, lórí igbá, lápò oní-zẹ́mì.

Mo yin àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ olówe àti ẹ̀rín wọ inú ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí ìyá arúgbó sì lóye ohun tí àwọn mínísítà ń bá ara wọn jà sí, ó ti ṣe ohun tí ilé-ìwé kò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni ó ń yí ọ̀rọ̀ náà padà kí ó tó dé etí wa. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn kan. Bí ìwé ìròyìn Faransé bá kọ ọ́ pé "il a pris l'argent", ohun tí ó ń sọ ni pé ọkùnrin náà kó owó, ó dá akọ̀wé lójú. Bí ó bá kọ ọ́ pé "il aurait pris l'argent", ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Akọ̀wé ń sọ pé wọ́n ní ó kó owó, pé òun gbọ́ bẹ́ẹ̀, pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "aurait", ni ó dúró láàárín ẹni tí a fẹ̀sùn kàn àti olè. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa ní Nàgó kì í yí ara padà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní ohun tí a fi ń ṣe é. A ní "wọ́n ní". A ní "a gbọ́ pé". A ní "ó jọ bí ẹni pé". Àwọn àgbà wa tilẹ̀ máa ń sọ pé, "Ẹnu àwọn ènìyàn ni mo ti gbọ́ o, n kò bá wọn débẹ̀." Kò sí ohun tí ó lè mú kí ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ rédíò sọ pé èdè wa kò tó o.

Ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, "wọ́n ní" á bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá náà kó owó, ó ti tán. Láàárín wákàtí kan, ọ̀rọ̀ á ti rìn láti ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja, olúkúlùkù á fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Bí ilé ẹjọ́ bá wá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi, èyí kì í dùn tó ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọn yóò fi sọ ọ́, bí wọ́n bá sọ ọ́ rárá. Bákan náà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "prévenu". Ẹni tí ó dúró níwájú adájọ́ tí ẹjọ́ kò tíì parí ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Bí òǹsọ̀rọ̀ bá pè é ní "ọ̀daràn", ó ti jókòó sórí àga adájọ́.

Èyí ni àbùkù tí ó hàn sí gbogbo etí. Òmíràn wà tí kì í tètè hàn, òun ni mo sì rò pé ó ti pa wá lára jù lọ.

Ẹ rántí ICC Services. Ẹni tí ó bá ń tajà ní Tọ́kpá ní ọdún 2010 kò lè gbàgbé orúkọ yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń ṣèlérí èlé tí bánkì kankan kò lè san láé. Fún ìgbà díẹ̀ ó san án. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san èlé fún ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́: ọjọ́ tí àwọn tí ń wọlé bá dín kù ni yóò wó. Ní àárín ọdún 2010, ó wó. Ó ju ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù sẹ́fà tí ó bá a lọ, àwọn tí ó sì pàdánù lé ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Owó ọjà wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, owó àjọ tí ènìyàn ogún dá jọ wà níbẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pàdánù ipò rẹ̀ ní oṣù keje ọdún yẹn. Ọdún 2019 ni CRIET, ilé ẹjọ́ pàtàkì tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó, tó dá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi.

Kí ni èyí fi kan oníròyìn? Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ó mú kí ìyá tí kì í yá ọmọ rẹ̀ lówó láìkọ ọ́ sílẹ̀ gbé owó ńlá fún àjèjì. Ó rí wọn ni. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ń hàn ní gbangba pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, kámẹ́rà sì ń bá wọn lọ. Wọ́n ń ṣe oore, oore náà sì ń di ìròyìn. Ilé-iṣẹ́ náà kò ní ìwé àṣẹ tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti máa gba owó pamọ́ fún ènìyàn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ti ẹnu oníròyìn jáde kò ju méjì lọ: "Níbo ni ìwé àṣẹ yín wà?" àti "Kí ni ẹ ń ṣe pẹ̀lú owó yìí tí ó fi ń so èso bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè tí àwa fúnra wa máa ń bi alájọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí òpópónà wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dé etí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni ìyìn. Bí àwọn kan tilẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sínú ìwé ìròyìn Faransé, ìkìlọ̀ náà kò pariwo tó ìyìn.

Ẹnì kan lè sọ pé ojúkòkòrò àwọn ọlọ́jà ni ó pa wọ́n. Ó wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í ṣe ohun tuntun ní ọjà, kò sì kó owó tó bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti di ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe ìwádìí bá kàn ń gbé àwòrán jáde, àwa tí a ń wò ó á rò pé ó ti ṣe ìwádìí náà.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ owó báyìí. Oníròyìn ní ìyàwó tàbí ọkọ, ó ní ọmọ, ó ń san owó ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìròyìn ní Kútọnu kò san owó oṣù tí ó lè tó ènìyàn jẹun. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pè wọ́n sí àpèjọ, owó ọkọ̀ máa ń wà nínú àpò ìwé. "Perdiem" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, báwo ni yóò ṣe kọ ọ́ pé àga òfìfo ni ó pọ̀ jù ní àpèjọ náà? Èyí tí ó tóbi ju ìyẹn lọ ni àdéhùn tí ilé ìwé ìròyìn ń bá ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba ṣe, pé lóṣooṣù wọn yóò máa gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde. Nígbà ìjọba Yayi Boni, àríwísí pọ̀ lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ilé ìròyìn. Àdéhùn kì í kọ ọ́ síbikíbi pé, "Ẹ má ṣe bú wa." Kò nílò kí ó kọ ọ́.

Àwọn oníròyìn fúnra wọn mọ̀ pé èyí kò dára. Ní ọdún 1999, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ODEM, láti máa ṣọ́ ìwà ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ìlànà tí wọn yóò máa tẹ̀ lé ní ọdún kan náà. Ẹni tí ìwé ìròyìn bá bà lórúkọ jẹ́ lè mú ẹjọ́ wá síbẹ̀. ODEM kò lè ti ènìyàn mọ́lé, kò sì lè gba owó ìtanràn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó sọ ọ́ jáde ní gbangba pé, "Lágbájá ti ṣẹ̀ sí ìlànà iṣẹ́." Ìtìjú ni pàṣán rẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọjà wa náà, ìtìjú ni ó ń jẹ́ kí òṣùwọ̀n pé, ju ọlọ́pàá lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn oníbàárà bá ti gbọ́ nípa rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ ìdájọ́ ODEM kan rí ní Nàgó?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí mo ti sọ yìí mú yín rò pé ó yẹ kí ìjọba di ẹnu àwọn oníròyìn. Àwọn tí ó fẹ́ dì í máa ń fi àṣìṣe oníròyìn ṣe àwáwí. Ìtàn wa ti fi í hàn.

Louis Hunkanrin, olùkọ́ ará Àjàṣẹ́, kọ ìwé lòdì sí ìyà tí àwọn Faransé fi ń jẹ àwọn ènìyàn wa. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Àjàṣẹ́ ní ọdún 1923, wọ́n lé e lọ sí Mọritáníà, inú aṣálẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó di ọdún 1934, wọ́n gbé àwọn tí ó ni ìwé ìròyìn La Voix du Dahomey lọ sí ilé ẹjọ́. Ọdún 1936 ni ẹjọ́ náà tó parí. Òmìnira dé ní 1960, ṣùgbọ́n nígbà ìjọba Kérékou àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn ìjọba tí ń jẹ́ Ehuzu ni ó gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ní ọdún 1988 ni àwọn aláyà líle kan gbé La Gazette du Golfe àti Tam-Tam Express jáde, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ṣì ń ṣèjọba. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní oṣù kejì 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé, òfin ńlá tí a ṣe ní 11 oṣù kejìlá ọdún yẹn sì sọ nínú ẹ̀ka 24 rẹ̀ pé ìjọba fọwọ́ sí òmìnira ìwé ìròyìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ Reporters sans frontières kọ́kọ́ to àwọn orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ ní 2002, ipò 21 ni Bẹ̀nẹ̀ wà ní gbogbo ayé. Ní 2020, ipò 113 ni.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín? Ohun púpọ̀ ni, n óò mú ẹyọ kan.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, àwọn oníròyìn, adájọ́ àti àwọn mìíràn péjọ ní Kútọnu. Agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Oníròyìn kan tí ń jẹ́ Ignace Sossou, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Benin Web TV, kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí orí Twitter àti Facebook. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 28 oṣù kẹrin ọdún náà, ọjọ́ ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Agbẹjọ́rò náà ní òun kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ó ti gé ọ̀rọ̀ òun kúrò lára ara rẹ̀. Ní 20 oṣù náà, ọlọ́pàá mú Sossou. Ní 24, ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún àti ìtanràn 200.000 sẹ́fà. Ilé ẹjọ́ kejì dín in kù ní oṣù karùn-ún 2020, ó sì jáde ní oṣù kẹfà. Oṣù mẹ́fà ni ó lò níbẹ̀.

Ẹ wo bí òfin ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Òfin ìròyìn ti ọdún 2015 ti mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ọ̀pọ̀ àṣìṣe oníròyìn. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn jáde ní oṣù kẹrin 2018, tí wọ́n ń pè ní "code du numérique", tí ó wà fún ohun tí a bá ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Òfin kejì yìí ni wọ́n fi mú un. Ohun tí òfin kan fi ọwọ́ ọ̀tún fún oníròyìn, òmíràn fi ọwọ́ òsì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé Sossou gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. N kò sọ pé ó gé e o, mo ní ẹ jẹ́ kí a gbà á bẹ́ẹ̀ fún àríyànjiyàn. Àṣìṣe iṣẹ́ nìyẹn, irú èyí tí mo ti ń bá àwọn oníròyìn wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò wà fún un. Ẹni tí wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní ẹ̀tọ́ láti fèsì níbi kan náà tí wọ́n ti sọ ọ́. ODEM wà. HAAC, ìgbìmọ̀ gíga tí òfin ńlá dá sílẹ̀ láti ṣọ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn, wà. Bí òṣùwọ̀n ìyá kan kò bá pé, a ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà, yóò dá iye tí ó kù padà, ojú á tì í. Àwa kì í dáná sun ìsọ̀ rẹ̀.

HAAC fúnra rẹ̀ kì í sì í rántí èyí nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹjọ 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, ó ní La Gazette du Golfe gbé ọ̀rọ̀ tí ó yin ìfipágbàjọba jáde, ó sì ti gbogbo ilé náà pa láìdá ọjọ́: ìwé, rédíò, tẹlifíṣọ̀n. Golfe FM tí àwọn ọlọ́jà ti ń gbọ́ fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá burú, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó sọ ọ́ dáhùn fún un. Ìkéde òkú, ìpolówó ọjà, ọmọ tí ó sọnù tí wọ́n ń wá ìyá rẹ̀, èwo nínú wọn ni ó gba ìjọba Niger?

Ẹ̀rù àti owó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Oníròyìn tí ó ti rí Sossou lẹ́wọ̀n àti oníròyìn tí ó ti gba àpò ìwé, àwọn méjèèjì ni yóò dákẹ́ níwájú ICC Services tí ó bá tún dé. Nítorí náà ni n kò fi lè bá àwọn tí ń sọ òmìnira nìkan lọ, tí n kò sì lè bá àwọn tí ń sọ ìwà rere nìkan lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì wà nílẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti sọ pé òun yóò kó ọjà kúrò ní etí omi, tí wọ́n sì ti kọ́ ọjà ńlá sí Akassato fún àwọn tí ń tà lọ́pọ̀, kò sí ohun tí etí àwọn ọlọ́jà kò tíì gbọ́. Ta ni yóò rí ìsọ̀? Èló ni yóò san? Òǹsọ̀rọ̀ kan á ní gbogbo rẹ̀ ti dára, òmíràn á ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wa ibi tí ó ti gbọ́ ọ tàbí ẹni tí ó fún un lówó láti sọ ọ́. Ní kíláàsì wa, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí a gbọ́ ọ, rédíò tí ó sọ ọ́, ẹni tí rédíò ní ó sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù kan a ó kà á padà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ABD lè ṣe é.

Nǹkan kan kù. Bí ìwé ìròyìn Faransé bá gba owó kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó yẹ kí ó kọ "publi-reportage" sí orí rẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ a máa kéré bí ọmọ iná orí. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá ka ọ̀rọ̀ náà fún wa ní Nàgó, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kì í wọlé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á ní kò ní orúkọ lédè wa. Ní kíláàsì, a jiyàn lé e fún ọjọ́ méjì. Àwọn kan ní "ìpolówó", ṣùgbọ́n ìpolówó kì í fara pa mọ́, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ìyá kan tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní kí a pè é ní "ìròyìn olówó", òun ni a sì ń lò títí di báyìí. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pobè, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín kí ó fi jíṣẹ́ fún wa, kí a lè gbé e lọ bá àwọn ilé rédíò.